Àmì Etí Ewúrẹ́ Ìyá Mi

Ojú mi yìí náà ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lórí rédíò. Nígbà tí wọ́n pe àwa ọlọ́sìn jọ sí Èrúwà pé ká wá bá ìjọba dá sí ètò ìlera ẹran, àga iwájú ni mo jókòó sí. Bí mo bá na ọwọ́, yóò kan tábìlì àwọn ọ̀gá. Nígbà tí àrùn ewúrẹ́ dé, èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin wọ́n sí. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé ẹnìkan ní gáréèjì Èrúwà tó ń sọ pé agídí ọkùnrin kan ní Igbó-Ọrà ló pa ewúrẹ́ rẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí òun wà lọ́jọ́ náà. Èmi ni ọkùnrin ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

N kò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹta ni mo wà tí bàbá mi fi mú mi kúrò ní ilé-ìwé lọ sí oko, kò sì dùn mí. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n kà á tán, ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń ra iṣu. Ní ti ewúrẹ́ ẹ̀wẹ̀, ní gbogbo àdúgbò wa, kò sí ẹni tí agbo rẹ̀ tó tèmi. Mo lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, kí n gbọ́ igbe ọmọ ewúrẹ́ kan lẹ́yìn ilé kẹta, kí n sọ pé tiwa ni, kó sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Ọwọ́ ìyá mi ni agbo náà ti wá. Abo kan ṣoṣo ni wọ́n fún un nígbà tó dé ilé ọkọ, dúdú tó ní funfun níwájú orí. Abo yẹn bí, ọmọ rẹ̀ bí, ọmọ ọmọ rẹ̀ bí, títí ilé fi kún.

Láyé ìgbà yẹn, ewúrẹ́ kì í gbé inú ọgbà ní ìlú wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, wọn á lọ wá oúnjẹ ara wọn: èèpo ẹ̀gẹ́ nídìí àwọn tó ń ṣe gàrí, háhá àgbàdo, láfún tí wọ́n sá sórí àpáta bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá tòògbé. Ewúrẹ́ oríṣiríṣi ilé á dàpọ̀, dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn, wọn á jọra bí ìbejì. Etí la fi ń dá wọn mọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń gé etí ẹran tirẹ̀. Ilé kan á gé ṣóńṣó etí ọ̀tún, ilé kejì á la tòsì sí méjì. Tiwa, a máa ń gé ṣóńṣó etí òsì kúrò, a ó sì fa ẹ̀là méjì sí etí ọ̀tún. Bí ewúrẹ́ bá jẹ láfún ẹni ẹlẹ́ni, etí ni oníláfún máa wò kó tó mọ ilé tí yóò ti lọ jà.

Ìyá mi ló ń gé e. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bá bí ọmọ ewúrẹ́ ni, bí ìgbà tí a ń sọ ọmọ ènìyàn lórúkọ. Abẹ tuntun, epo pupa díẹ̀, eérú díẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ á ké lẹ́ẹ̀kan, á gbọn etí, á sá tọ ìyá rẹ̀ lọ mu ọmú. Nígbà tí ọwọ́ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó gbé abẹ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ ni kó o máa gé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò lè wo ẹ̀jẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi í yangàn, n kò sì ní í dẹ́kun.

Kí ẹ lè mọ ohun tí etí náà tó: abo kan sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà kan. Mo wá a títí. Lọ́jà Lánlátẹ̀ ni mo ti rí i, wọ́n so ó mọ́ àwọn mìíràn nídìí ọkọ̀ akẹ́rù. Mo di okùn rẹ̀ mú.

Ẹni tó ń kó ewúrẹ́ náà ní, "Kí ló dé tí o di ẹran mi mú? Mo rà á ni."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

"Ẹni tó ni ín ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Wo etí."

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta okùn nítòsí dìde, ó fa etí ewúrẹ́ náà mọ́ra, ó wò ó. Ó ní, "Ti ilé wọn ni, ní Igbó-Ọrà. Tú u fún un." Ó sì tú u. A kò dé àgọ́ ọlọ́pàá, a kò rí lọ́yà. Etí ló ro ẹjọ́, etí ló sì dá a.

Ó wá di láyé sọ́jà, nígbà SAP, tí oògùn èèyàn gan-an ń wọ́n, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹran. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ ṣe ètò kan ṣoṣo fún ìlera àti ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn jákèjádò orílẹ̀-èdè, pé kí wọ́n tó kọ ọ́ tán, wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu àwa tí à ń sin ẹran. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan rán ẹnìkan wá sí Èrúwà. Ní àdúgbò tiwa, wọn kò tilẹ̀ jókòó lé e lórí. Ta ni wọn ì bá tún rán? Agbádá tí mo fi ń kírun Iléyá ni mo wọ̀ lọ.

Dókítà ẹran tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ti Ìbàdàn wá. Ọkùnrin tó tó ọjọ́ orí mi ni, ó ní àbàjà lójú, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní àrùn kan wà tó ń gbá ewúrẹ́ ilé lọ bí ẹni gbá ilẹ̀, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, ọ̀fẹ́ ni. A pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ pa á. Ó ní ká máa bu omi tó mọ́ fún ẹran, ká ṣe ibùsùn tí òjò kò ní í wọ̀ fún wọn. Mo mi orí, ó dára. Ó wá ní ẹran ń mọ ìrora bí ènìyàn, pé ètò tuntun yìí kò fẹ́ kí a máa fìyà jẹ wọ́n mọ́, pé láti ọdún náà lọ, gígé etí ti di èèwọ̀. Ó gbé yẹtí rọ́bà kan sókè, aláwọ̀ ìyeyè, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ó ní èyí ni wọn yóò máa fi ẹ̀mú tẹ̀ mọ́ ẹran létí. Ilé tó bá gbà á ni wọn yóò gún ẹran fún. Ilé tó bá ṣì ń gé etí, abẹ́rẹ́ kò ní í débẹ̀.

Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Ìbéèrè kan ni mo ní."

"Ẹ máa wí, ẹ̀gbọ́n."

"Ilà tó wà lójú yín yẹn, ta ló kọ ọ́?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Olóòlà ni."

"Ṣé ó fìyà jẹ yín ni?"

"Ó fìyà jẹ mí, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní mo ké títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ilà lójú ọmọ mi kankan."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n sì ń rín lọ́tẹ̀ yìí. N kò ní parọ́ pé ìdáhùn náà kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ibẹ̀ ni n ó jókòó kò mọ̀ mí.

Mo ní, "Bí ọmọ yín bá sọnù lọ́jà lónìí, kí ni wọn yóò fi mọ ilé rẹ̀?"

"Yóò sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún wọn."

"Ewúrẹ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rín tó sọ lójú ẹsẹ̀, ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Obìnrin kan láti Lánlátẹ̀ ń fi ìborùn nu ojú. Dókítà dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó wá ní, "Yẹtí yìí ni yóò sọ ọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Etí tí ẹ gé, ó sọ ilé tó ni ẹran. Kò sọ bóyá a ti gún un. Bí mo bá padà dé lọ́dún tó ń bọ̀, kí ni n ó fi mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo ronú díẹ̀. Mo ní, "Ẹ gún un, kí ẹ gé àmì tiyín mọ́ tiwa. Ààyè ṣì wà létí ewúrẹ́."

"Kò sí nínú ètò."

"Ètò tí ẹ ní ẹ kò tíì kọ tán?"

Ó wo ìdì ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi pín-ìn-nì kàn án. Mo wo ìwé náà, mo wò ó lójú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ti jẹun tán, ẹ wá ń bi wá bí a ṣe fẹ́ kí ọbẹ̀ dùn sí."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Mo ní mo ti jókòó láti àárọ̀. Orí ìdúró ni mo wà títí ìpàdé fi parí, àwọn ẹlẹ́rìí ṣì wà láyé.

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró dè mí lábẹ́ igi iwájú ilé.

"Wọ́n ní o bú ìjọba."

"N kò bú ẹnikẹ́ni. Mo béèrè ọ̀rọ̀ ni."

"Abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún wa."

"Mo fẹ́ abẹ́rẹ́. Etí ni n kò fún wọn."

"Etí, etí. Ṣé etí la fi ń se ọbẹ̀ nínú ilé yìí ni?"

"Àmì ìyá wa ni."

"Ìyá wa ti lọ. Bó bá wà láyé lónìí, abẹ́rẹ́ ni yóò mú."

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kò lè wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ ewúrẹ́, ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ fún mi ohun tí ìyá wa ì bá ṣe."

Ó wọlé lọ. Òun gba yẹtí, èmi kò gbà á, bí a ṣe pín agbo sí méjì nìyẹn.

Ìyàwó mi ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Kì í pariwo, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń bá ènìyàn jà. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹran tèmi mẹ́ta ńkọ́?"

"Ẹran ilé yìí ni wọ́n."

"Wọn kì í ṣe ẹran ilé. Ìyá yín ló fún mi ní ìyá wọn nígbà tí mo bí ìbejì. Ọwọ́ mi ló fi okùn rẹ̀ lé, ẹ wà níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó di ọjọ́ abẹ́rẹ́, ó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fà wọ́n gba iwájú mi kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀sán gangan. Ìyá mi tàbí èmi ti gé etí wọn tipẹ́, àwọn tó wá gún abẹ́rẹ́ sì gbà wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí ilé ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní í gé òmíràn mọ́. Wọ́n gún wọn, wọ́n kan yẹtí mọ́ èyí tó kù lára etí.

Èmi ńkọ́? Mo gbé àpótí sí ẹ̀bá títì lọ́jọ́ yẹn. Abo mi méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọjọ́ kẹjọ wọn sì pé. Mo gbé abẹ, epo àti eérú jáde, mo ń gé etí ọmọ wọn lójú gbogbo ayé. Ọkọ̀ dókítà ẹran dé, ó rọra ń kọjá. Ó yọrí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà kú iṣẹ́." N kò gbé orí sókè.

Fún ìgbà díẹ̀, ìlú dùn ún wò. Gbogbo ewúrẹ́ àfi tèmi wọ yẹtí bí ìyàwó tuntun, àwọn ọmọdé ń pè wọ́n ní aya ìjọba. Kò pẹ́ tí àwọn ewúrẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yẹtí ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ewúrẹ́ rí mọ̀ pé kò sí ohun tí wọn kì í jẹ. Àwọn mìíràn, wáyà ọgbà ló kọ́ yẹtí náà, tí wọ́n fa ara wọn yọ, tí etí fi ya dé ìdí. Ẹni tó sọ pé abẹ ìyá mi ń fìyà jẹ ẹran, ìbá dára kó wá wo etí wọ̀nyẹn pẹ̀lú eṣinṣin lórí wọn.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà nílé ẹ̀gbọ́n mi, a kò gé etí wọn; wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n yẹtí kò dé mọ́. Etí wọn pé pérépéré. Ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀ kan lórí ọmọ ewúrẹ́ dúdú, wọ́n sì gbé e wá síwájú mi.

Aládùúgbò ní, "Tèmi ni. Ojú rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ojú ewúrẹ́? Kí ló ṣe lójú tó yàtọ̀?"

"Ó ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí."

Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí Èrúwà, kí wọ́n lọ bi nọ́ńbà léèrè. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọyẹ́ wá dé, àrùn náà sì bá a wọlé. Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí. Abo kan tó lóyún dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láàárọ̀, kò bá àwọn yòókù jáde. Ikun ń dà ní imú rẹ̀, ìpin dí i lójú, ẹnu rẹ̀ bó, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Mo gbé èèpo iṣu fún un, ó kàn fi imú kàn án. Kí ó tó kú, méjì mìíràn ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan náà.

Mo gbé ọ̀kan nínú wọn lé ẹsẹ̀ mi nínú tasí, ó di Èrúwà. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ewúrẹ́ yín ń yàgbẹ́ sí mi lọ́kọ̀." Mo ní, "Ara mi ló ń yà á sí. Máa wa ọkọ̀ rẹ."

Dókítà ẹran wà ní ọ́fíìsì. Ó dìde nígbà tó rí mi, ó wo ẹnu ewúrẹ́ náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Òun náà ni. Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ kì í wo èyí tó ti ń ṣàìsàn. Èyí tí àrùn kò tíì mú là ń gún."

"Ó ṣì ku àwọn tí kò tíì mú nílé. Ẹ wá gún wọn."

"Ṣé ẹ ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹ kò ní í gé etí mọ́?"

"Rárá."

Ó ní, "Ẹran yín ni yóò kú o. Kì í ṣe tèmi."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹran mi ni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe tiyín. Owó gbogbo wa ni wọ́n fi rà á, ẹ wá ń fi í ra etí lọ́wọ́ mi."

Ó yíjú sí fèrèsé. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní kí n ya àwọn tí ara wọn le sọ́tọ̀, kí n má jẹ́ kí wọ́n jáde, kí n sin èyí tó bá kú jìn, kí ajá má baà hú u. Mo ní mo gbọ́. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ewúrẹ́ tí mo gbé lọ kú lórí ẹsẹ̀ mi kí a tó padà dé Igbó-Ọrà.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ̀ ń rò pé kí n sáà ti jẹ́jẹ̀ẹ́, kí n sì padà lọ gé etí lẹ́yìn ilé. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ wọ́n. Èmi kò lè ṣe é. Ohun tí ìyá mi ń ṣe ní gbangba, n kò ní lọ fara pamọ́ ṣe é bí ẹni tó jalè. Bí ewúrẹ́ ṣe ń kú ni mo ń gbẹ́ ilẹ̀, bí mo bá sì gbẹ́ ọ̀kan tán, mo ti mọ ibi tí n ó gbẹ́ èkejì sí.

Ìyàwó mi bá mi gbé wọn lọ síbi ihò. Láàárọ̀ kan tí ilé ti dákẹ́, tí igbe ewúrẹ́ mi kankan kò sí mọ́, ó da èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún àwọn mẹ́ta tirẹ̀. Wọ́n ń jẹ ẹ́ wàrà-wàrà. Yẹtí ti já kúrò létí wọn, ṣùgbọ́n àmì wa wà níbẹ̀ gedegbe.

Ó ní, "Ẹ wò wọ́n. Àmì ìyá yín wà létí wọn, abẹ́rẹ́ sì wà lára wọn."

Mo ní, "Ohun tí mo sọ ní Èrúwà náà nìyẹn."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi ni mo ṣe é."

Mo bu èèpo mìíràn kún tiwọn.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, àrùn kò rí tirẹ̀ gbé ṣe. Olè ló rí i. Ewúrẹ́ ti wọ́n lọ́jà lẹ́yìn àrùn náà, àwọn tí etí wọn pé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ó tọ ipasẹ̀ wọn dé ọjà Lánlátẹ̀, ó rí ọ̀kan, ó di okùn mú. Wọ́n bi í ní àmì. Ó gbé etí náà lọ́wọ́, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó jọ̀wọ́ okùn. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì mí tó sọ ọ́. N kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n gbé omi fún un.

Nígbà tí wọ́n kọ ètò náà tán, wọ́n gbé e wá sí Èrúwà láti kà á fún wa. Wọn kò pè mí. Mo lọ. Agbádá yẹn náà ni mo wọ̀. Wọ́n kà á dé ibi kan tó ní àwọn ọlọ́sìn Ìbàràpá fi ohùn kan gbà pé kí gígé etí dópin. Mo dìde.

Mo ní, "Èmi kò gbà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnìkan kò gbà."

Dókítà ẹran ní, "Ẹ̀gbọ́n, ètò orílẹ̀-èdè kì í kọ ti ẹnìkan."

"Ẹ kọ iye tó kú nígbà náà."

Ọ̀gá tó jókòó tì í ní kò sí ẹni tó ní iye náà lọ́wọ́.

Mo ní mo ní in. Wọ́n ní kí n jókòó, n kò jókòó. Mo kà á sí wọn létí, bí mo ṣe ń kà á síbí yìí. Abo ewúrẹ́ mẹ́tàlá. Òbúkọ méjì. Ọmọ ewúrẹ́ mọ́kànlá, tí ọwọ́ mi gé etí wọn. Ti ẹ̀gbọ́n mi márùn-ún, tí wọn kò kú, tí a kò sì rí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n.